Ọkùnrin kan ń dọdẹ mi láti oṣù méje ní Ìkòròdú: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Abẹ́rẹ́ (ọjọ́ Ajé, aago 10:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú nílé lóko. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìdá sí i. Lónìí, tèmi ló dé.

Aránṣọ ni mí. Ní oṣù kejì ọdún yìí, ọkùnrin kan gbé aṣọ ẹbí wá. Mo wọn èjìká, mo wọn itan, mo gba owó, aṣọ jáde, ó sì bá a mu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó padà wá, ó ní òun fẹ́ fi mí ṣaya. Mo ní ẹ ṣé, mi ò fẹ́. Mo rò pé ó parí síbẹ̀.

Àtìgbà náà ló ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì obìnrin alágbo tó wà ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi. Kì í mu àgbo tó nǹkan. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ń dé. Tí mo bá ti ilẹ̀kùn, òun náà á dìde. Kò bú mi rí, kò fọwọ́ kàn mí rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbójú sókè lórí ẹ̀rọ, òun ni mo ń rí.

Mo bulọ́ọ̀kì nọ́ńbà rẹ̀. Ó fi òmíràn pè, mo bulọ́ọ̀kì ìyẹn náà, títí ó fi di mọ́kànlá. Nígbà tó yá, ó yí ọgbọ́n dà. Mo kọ nọ́ńbà àkáǹtì mi sára ògiri kí àwọn oníbàárà lè máa fi owó ránṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ₦50, ₦50 ránṣẹ́. Ibi tí ẹlòmíràn ti ń kọ "owó aṣọ" ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí. "E kaaro iyawo mi." "Awo ewe yen ye e." Lọ́jọ́ tí mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sílé kí n má baà kọjá níwájú rẹ̀, mi ò tíì dé ẹnu géètì tí alert fi wọlé: "O gba ona eyin loni. Ko buru." Mi ò sì lè dá owó wọ̀nyẹn dúró kí wọ́n má wọlé.

Ẹ̀yin ará, owó ń wọlé, àyà mi ń já. Ìbáà jẹ́ oníbàárà ló san ₦20,000, tí fóònù bá ti dún, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kadà kan dúró gìrì lẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo ti ń gé léèsì oníléèsì. Mi ò mọ ìgbà tí sísọ́ọ̀sì gba iwájú bùbá kọjá. Yáàdì márùn-ún. Mo ṣì ń san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mi ò sùn mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde pé kí obìnrin má jáde nítorí Orò, àwọn ará ilé wa ń kùn, inú tèmi ń dùn. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo lè ti ilẹ̀kùn mọ́rí kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló dé.

Ìyá mi bi mí bóyá èmi ni mo rẹ́rìn-ín sí i. Pásítọ̀ ní kí n gbààwẹ̀. Ọlọ́pàá tí mo bá ní téṣàn ní "ṣebí ẹni tó fẹ́ràn ẹ ló ń tẹ̀ lé ẹ." Kí ni kí n ṣe?

Alábòójútó

Mo ti yọ orúkọ àdúgbò àti àpèjúwe ṣọ́ọ̀bù kúrò nínú ọ̀rọ̀ Abẹ́rẹ́. Ẹni tí à ń sọ yìí lè wà níbí tó ń kà á pẹ̀lú wa. Ẹ má bi í ní àdírẹ́sì ní gbangba, ẹ má sì ju nọ́ńbà yín sílẹ̀ fún un níbí.

Bàbá Àkàndé

Ọmọ mi, má bínú o. Láyé tiwa, ọkùnrin kì í gba "rárá" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń lọ sí ìsọ̀ bàbá ìyàwó mi. Bóyá ó fẹ́ràn rẹ dénú ni. Ẹ pe àgbà méjì, kí ẹ jọ jókòó.

Ìyá Ìbejì

Bàbá, ẹ kú àgbà o, ẹ má bínú sí mi. Ẹ lọ sí ìsọ̀ bàbá ìyàwó yín, bàbá rí yín, ẹ kí wọn, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá wọn gbẹ́rù pàápàá. Gbogbo ilé mọ ẹni tó ń bọ̀ àti ohun tó ń wá. Eléyìí ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó ń ka ọ̀nà tí ọmọ ọlọ́mọ gbà relé. Ẹni tó bá ń wá ìyàwó nílẹ̀ Yorùbá, alárinà ló ń wá. Ọdẹ ló ń lúgọ.

Táyé Kẹ̀kẹ́

Ẹ fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Àwa mẹ́fà láti gáréèjì á lọ bá a "sọ̀rọ̀". Ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa gbà.

Lọ́yà Ẹ̀búté

Táyé, tí ẹ bá fi lè lù ú, òun ló máa di olùpẹ̀jọ́ lọ́la, Abẹ́rẹ́ á wá di ẹni tó rán jàǹdùkú sí ọmọ ènìyàn. Ẹ jọ̀ọ́.

Àǹtí Abẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe, torí mo mọ̀ pé wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp láìpẹ́. Òfin kan wà tó de ìwà ipá sí ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní VAPP, ti ọdún 2015. Ó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn máa tọpa ẹlòmíràn kiri: ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 2 lọ, tàbí owó ìtanràn tí kò ju ₦500,000 lọ, tàbí méjèèjì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Àbújá ni wọ́n ṣe é fún. Tí ẹ bá gbé e lọ sí kóòtù Ìkòròdú, wọ́n á ní kí ẹ gbé e padà.

Èkó ní tiẹ̀ láti ọdún 2007, òfin ààbò lórí ìwà ipá inú ilé. Ó dárúkọ títọpa ènìyàn àti fífòòró ẹ̀mí, adájọ́ sì lè tìtorí rẹ̀ pàṣẹ pé kí ẹnì kan má dé ilé yín tàbí ibi iṣẹ́ yín mọ́. Ibi tó ti le ni pé àárín ọkọ àti aya, àfẹ́sọ́nà, mọ̀lẹ́bí, àwọn tó jọ ń gbé, ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀yin àti ọkùnrin yìí kò fẹ́ra yín rí, lọ́yà tiẹ̀ sì lè di ibẹ̀ mú.

Èyí tó kàn yín gan-an ni òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024. Gbogbo Nàìjíríà ló kàn. Ẹ wo ẹ̀ka 24. Tí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń fi ránṣẹ́ bá jẹ́ ìhàlẹ̀ tàbí ìfòòró tó mú kí ẹni tó gbà á máa bẹ̀rù ikú tàbí ìpalára, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lè wà nídìí rẹ̀. Mi ò ní tàn yín: "àwọ̀ ewé yẹn yẹ ẹ́" nìkan kò lè mú ẹnikẹ́ni dé ẹ̀wọ̀n. Igi kan kì í dágbó ṣe. Ṣùgbọ́n àádọ́ta irú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, pẹ̀lú "o gba ọ̀nà ẹ̀yìn" àti nọ́ńbà mọ́kànlá, igbó ti dé nìyẹn.

Nítorí náà ẹ lọ ra ìwé kan. Lójoojúmọ́ tó bá wá, ẹ kọ ọjọ́, aago, ohun tó ṣe, àti ẹni tó rí i. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ léèsì yẹn pẹ̀lú, ẹ so rìsíìtì rẹ̀ mọ́ ọn, ìpalára ni. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́ nínú fóònù, ẹ má ta fóònù náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí báńkì, ẹ ní kí wọ́n tẹ sìtéètímẹ́ǹtì oṣù méje fún yín, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Gbogbo ₦50 yẹn àti ọ̀rọ̀ tó wà nídìí wọn ló máa jáde, orúkọ tó wà lórí àkáǹtì rẹ̀ náà á jáde. Ọkùnrin yìí ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀rí sílẹ̀ fún yín. Fún ohun tó bá wá láti inú fóònù yín, òfin ẹ̀rí ti 2011, ẹ̀ka 84, ń béèrè ìwé tó ṣàlàyé ẹ̀rọ tó ti jáde wá. Lọ́yà yín á bá yín ṣe ìyẹn.

Ẹ padà sí téṣàn, ẹ má dá lọ. Ẹ béèrè ọ̀gá pátápátá, ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ẹjọ́ yín sínú ìwé kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹjọ́ tí wọn ò kọ, ẹ kò rò ó. Èkó tún ní àjọ tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, DSVA. Ọdún 2014 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ikọ̀, ó sì di àjọ lábẹ́ òfin ní 2021. Nọ́ńbà wọn ni 08000333333, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá jẹ́ pé ó ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, 112 tàbí 767 ni kí ẹ pè.

Táyé Kẹ̀kẹ́

Ó dáa, mo ti gbọ́. Mi ò lu ẹnikẹ́ni. Àmọ́ mo lè máa wá gbé e relé lálẹ́, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́

Obìnrin ló ń dọdẹ èmi, ìyẹn ni mi ò ṣe fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní orí rere ni. Orí rere wo? Ó wá síbi iṣẹ́ mi, ó sọ fún ọ̀gá mi pé òun lóyún fún mi. Mo kó kúrò nílé tí mo ti san owó ọdún kan.

Àǹtí, àṣìṣe tí mo ṣe ni mo fẹ́ sọ fún yín. Lọ́jọ́ kan ó pè mí nígbà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mi ò gbé e. Nígbà tó di ìgbà ọgbọ̀n, inú bí mi, mo gbé e, mo bú u tìyátìyá. Inú rẹ̀ dùn! Lọ́jọ́ kejì ìpè náà di ìlọ́po méjì. Mo ti kọ́ ọ ní iye ìgbà tó gbọ́dọ̀ pè kó tó gbọ́ ohùn mi. Ẹ má dá a lóhùn, ì báà ṣe èébú, ì báà ṣe ẹ̀bẹ̀, ì báà ṣe "Ọlọ́run á dá ẹ lẹ́jọ́". Ní ojú wọn, ẹ̀bùn ni gbogbo rẹ̀.

Lọ́yà Ẹ̀búté

Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó hàn kedere: "Mi ò fẹ́ yín. Ẹ má wá síbi iṣẹ́ mi, ẹ má pè mí, ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí mi mọ́." Kò sí "ẹ jọ̀ọ́", kò sí àlàyé. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹnu dí pátápátá.

Nọ́ọ̀sì Agric

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin yẹn tó. Ẹ jẹ́ kí n bá obìnrin yìí sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi, ó ń ṣe mí bíi pé o rò pé orí rẹ ń dàrú. Kò dàrú. Tí ewu bá yọ, ara á múra láti sá tàbí láti jà: ọkàn á máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ á sáré sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, oorun á fò lọ. Ó yẹ kó lọ sílẹ̀ tí ewu bá kọjá. Tìrẹ kò kọjá, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di alẹ́ ló wà lórí bẹ́ǹṣì, ó sì tún wọ inú fóònù bá ọ lọ sílé. Ara rẹ kò rí ìgbà tó máa sinmi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kadà lásán fi mú sísọ́ọ̀sì ṣìnà lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, ekòló á lé e.

Mo ti rí wọn níbi iṣẹ́ mi. Obìnrin á wá, á ní ibà ni. A ó tọ́jú ibà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún dé: orí fífọ́, inú rírun, nǹkan oṣù tó yí padà, ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó dìgbà tí ẹnì kan bá ti ilẹ̀kùn tó sì bi í pé "ta ló ń dà ẹ́ láàmú?" kí omi ojú tó dà. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, ni àwọn ará ilé ṣe rò pé kò sí nǹkan.

Mo bẹ̀ ọ́, má lọ ra oògùn oorun ní kẹ́míìsì. Lọ sí ọsibítù, sọ òótọ́ fún dókítà, má sọ pé ibà ni. Tí wọ́n bá ní kí o rí dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "Yaba" halẹ̀ mọ́ ọ. Wọ́n á bá ọ sọ̀rọ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú káàdì rẹ. (Lọ́yà, ẹ ṣebí káàdì ọsibítù náà wúlò?)

Lọ́yà Ẹ̀búté

Ó wúlò gan-an ni.

Bọ́lá Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Báwo ló ṣe mọ̀ nígbà tí ẹ kò tíì délé? Ẹ ṣí WhatsApp yín, ẹ wo ibi tó kọ Linked devices sí. Tí ẹ bá rí ẹ̀rọ tí ẹ kò mọ̀, ẹ yọ ọ́. Ẹ wo Google Maps bóyá ẹ ń fi ibi tí ẹ wà han ẹnì kan. Ẹ wo àwọn tó ń rí status yín. Àwọ̀ ewé yẹn lè jẹ́ ibẹ̀ ló ti rí i.

Ẹ yọ nọ́ńbà àkáǹtì kúrò lára ògiri. Ẹ ṣí òmíràn fún àwọn oníbàárà, kí ẹ máa kọ ọ́ sórí bébà kékeré fún ẹni tó bá fẹ́ sanwó. Ṣùgbọ́n ẹ má ti èyí àtijọ́ pa o! Ẹ kàn pa ohùn alert rẹ̀. Tí ẹ bá tì í pa, ó máa wá ọ̀nà mìíràn tí ẹ kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán máa bá yín kà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Tí fóònù bá mọ́, ó ku ènìyàn. Ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú yín?

Abẹ́rẹ́ (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:15 àárọ̀)

Ẹ ṣé o. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sunkún, mo tún kà á. Kò sí ẹ̀rọ àjèjì nínú WhatsApp mi. Ọmọṣẹ́ kan ni mo ní, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ìyá Ìbejì

Má pariwo mọ́ ọmọ yẹn o. Rọra bi í.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ ni ti alágbo. Ìwọ ń wo ọkùnrin yẹn ní gbogbo oṣù méje, o kò wo ẹni tó ni bẹ́ǹṣì. Lọ bá a ní àárọ̀ kùtù kí ọkùnrin yẹn tó dé. Má bá a jà. Sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ka àwọn ọ̀rọ̀ ₦50 yẹn sí i létí. Mo lè fi ọmọ mi búra pé olólùfẹ́ lásán ló pè é, ó ń ṣàánú rẹ̀ ni. Sọ fún onímílíìkì, sọ fún fọganáísà, sọ fún ìyá oníbàtà. Ìtìjú tó ń pa ọ́ yìí, tìẹ kọ́. Ọkùnrin yẹn ń jókòó ní gbangba nítorí pé ìwọ nìkan lo mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Bàbá Àkàndé

Mo ka ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ. Mo bi ìyàwó mi lálẹ́ àná bóyá ẹ̀rù mi bà á nígbà yẹn. Ó ní lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni, kó tó di pé bàbá rẹ̀ mọ̀ mí. Ọdún mọ́kànlélógójì rèé, kò sọ ọ́ fún mi rí. Ọmọ mi, má wulẹ̀ pe àgbà méjì kankan.

Abẹ́rẹ́ (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo jẹ yín ní èsì.

Ọmọṣẹ́ mi ni. Ọkùnrin náà ń ra dátà fún un, ọmọ náà sì ń sọ ìgbà tí mo kúrò àti ọ̀nà tí mo gbà fún un. Ó rò pé àfẹ́sọ́nà mi tó ń bínú ni; ohun tí ọkùnrin náà sọ fún un nìyẹn. Nígbà tí mo ka àwọn ọ̀rọ̀ yẹn sí i létí, ó wólẹ̀. Mi ò lé e. Òun ló ń bá mi kọ ìwé báyìí, ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ.

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé. Alágbo ní lóòótọ́ ni òun ń ṣàánú rẹ̀, ọkùnrin náà ti sọ fún òun pé èmi ni mo jẹ owó rẹ̀ tí mo wá kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó dé, bẹ́ǹṣì ti dojú kọ ògiri. Ó yí i padà. Alágbo tún yí i. Ó ní bẹ́ǹṣì òun ni. Onímílíìkì bú sẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà dìde.

Mo padà sí téṣàn pẹ̀lú ìyá mi (bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi), alágbo àti sìtéètímẹ́ǹtì ojú ewé mẹ́rìnlá. Mo ti pe DSVA ṣáájú. Ọ̀gá téṣàn ka ojú ewé mẹ́ta, kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe ọkùnrin náà, wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní dé àdúgbò yẹn mọ́. Lọ́yà ní kí n má sinmi lé ìwé yẹn, pé ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlá, ₦50 wọlé. Kò kọ nǹkan kan sídìí rẹ̀. Àyà mi já, mi ò purọ́. Ọmọṣẹ́ mi ṣí ìwé, ó kọ aago sí i, a padà sídìí ẹ̀rọ. Mo ń sùn tó wákàtí márùn-ún báyìí. Táyé ṣì ń gbé mi relé.

Táyé Kẹ̀kẹ́

Ó rán ṣòkòtò fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin Ìmọ̀tà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n kó tún nọ́ńbà DSVA yẹn kọ fún mi. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọkọ tó ti kọ̀ sílẹ̀ ni, ó ń dúró dè é níwájú ilé ìwé ọmọ.

Lọ́yà Ẹ̀búté

08000333333. Ti ẹ̀gbọ́n yín wà lábẹ́ òfin 2007 gan-an, ẹ jẹ́ kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ṣé fóònù tí ọkọ àtijọ́ yẹn kò fọwọ́ kàn rí ló fẹ́ fi pè?